Ìpàdé Ariwo, Sípíkà Mẹ́rin

Etí ọ̀tún mi ṣì ń hó bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Sátidé tó kọjá ni mo lọ sí ìpàdé tí àwọn onílé àdúgbò wa ní Oregun pè láti fòpin sí ariwo.

Ẹ kúkú mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ìròyìn LASEPA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Èkó: wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa lónìí, wọ́n ti ilé ọtí pa lọ́la, tó bá di ọ̀tunla wọ́n á tún wá ṣí i. Àwọn onílé wa rí i pé ọ̀rọ̀ ariwo ti di ọjà tó ń tà, ni wọ́n bá wá ọ̀daràn tiwọn. Ta ni wọ́n rí mú? Ọmọ mẹ́rin. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Wọ́n gba yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, wọ́n fi fóòmù àlòkù àti kíréètì ẹyin bo ògiri rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe àwo orin àwọn àkọ́kọ́. Pọ́ǹkì ni wọ́n ń pe orin náà. Gìtá méjì, ìlù òyìnbó kan, àti ọmọ kan tó ń kígbe bí ẹni tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ bíríìjì. Orin kan kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Èmi tí mo fi fújì Àyìndé Barrister dàgbà, níbi tí wọ́n ti lè fi ìṣẹ́jú méjì ki ẹnì kan ṣoṣo kí orin tó bẹ̀rẹ̀, mi ò lè purọ́ pé ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dé orí ìpàdé.

Abẹ́ kánópì la jókòó sí. Wọ́n fi bẹ́ǹṣì dí ọ̀nà. Sípíkà mẹ́rin tó ga tó èèyàn dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí pé kò síná, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé sípíkà. Nítorí pé jẹnẹrétọ̀ ń dún, wọ́n ní kí wọ́n yí sípíkà sókè. Nítorí pé sípíkà wa lọ sókè, gbọ̀ngàn àríyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà yí tiwọn sókè, torí ìgbéyàwó ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀, alága ìdúró sì ti gbowó. Bí alága tiwa ṣe ń sọ pé kí bàbá kan láàrin wa dìde sọ tẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni alága ìdúró tọ̀hún ń pàṣẹ pé, "Ẹ dọ̀bálẹ̀! Ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa!" Bàbá náà ti ká agbádá sókè, ó ti fi eékún kan kanlẹ̀, kó tó mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n ń fẹ́ ìyàwó fún.

Mọ́tò alágbo kọjá. Ẹ mọ irú rẹ̀, èyí tó ń fi ẹ̀rọ ka orúkọ gbogbo àrùn tó wà lábẹ́ aṣọ. Ìpàdé dúró. Akápò ra ìgò méjì, ó ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún òun níbẹ̀. Ìpàdé tẹ̀síwájú.

Ó wá ku ká dìbò. Alága ní kí gbogbo ẹni tó bá fara mọ́ ọn pé ká lé àwọn ọmọ náà kúrò wí pé "bẹ́ẹ̀ ni". Àṣé wòlíì tó ń lo ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá wọlé lẹ́yìn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ìjọ rẹ̀ ké halelúyà méje. Wọ́n ké e. Ilẹ̀ mì. Akọ̀wé wa wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé gbogbo ilé fọwọ́ sí i, kò sí ẹni tó ta kò ó. Mo nawọ́. Mo sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba máìkì, a ò gbọ́ yín."

Ẹ̀rí wọn ńkọ́? Ọ̀gbẹ́ni kan gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó ní òun ti fi wọn ariwo náà, ó ti lé ní 90 dẹ́síbẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ 55 lòfin gbà fún ibi tí èèyàn ń gbé lọ́sàn-án, 45 sì ni lóru. Gbogbo àgbàlagbà pòṣé. Wọ́n kọ iye náà sínú ìwé ẹ̀sùn. Ohun kan ṣoṣo ni wọn ò kọ síbẹ̀: àwọn ọmọ náà ò sí nílé lọ́jọ́ tó wọn ariwo náà. Wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá wọn, ológbò sì ń sùn síwájú rẹ̀.

Mi ò gbàgbé ọdún 2016. Lọ́dún yẹn, LASEPA ti nǹkan bí ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́sáláṣí 20 pa, wọ́n sì fọwọ́ sọ̀yà pé tó bá fi máa di 2020, ariwo á ti tán pátápátá ní Èkó. Èkó o! A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Ẹ wá wò ó, ọdún 2020 dé, oṣù Kẹta rẹ̀ ò tíì parí tí kónílé-ó-gbélé Kòrónà fi bẹ̀rẹ̀, kò sí kọ̀ndọ́ kan tó pe Ojodu. Nínú gbogbo ìlérí tí ìjọba ṣe fún wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, òun nìkan ló bọ́ sí àsìkò tí wọ́n dá. Ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá kú sínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà.

Alága wa ní nígbà tàwọn, ọmọ ilé ìwé kì í gbé gìtá, ìwé ni wọ́n ń gbé. Bàbá, ẹ dákun. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ iléèwé St. Gregory's tó wà ní Obalende kó ara wọn jọ, wọ́n pe ara wọn ní Ofege. Wọn ò tíì hu irùngbọ̀n tó ṣeé fá. Odion Iruoje, tó ń bá ilé iṣẹ́ EMI ṣe àwo nígbà náà, gbọ́ wọn, kò béèrè pé ta ni bàbá wọn, ó gbé wọn wọ situdíò, àwo Try and Love sì jáde ní 1973. Gìtá tó ń han bí irin tí wọ́n ń rẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Àwo mẹ́ta mìíràn tún tẹ̀ lé e kí wọ́n tó túká. Lónìí, òyìnbó ti tún un tẹ̀, wọ́n ń fi owó ilẹ̀ òkèèrè rà á. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn Ofege ni EMI kan náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orin àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ pọ́ǹkì Sex Pistols jáde. Àwọn ọmọ náà bú èébú lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rù ba àwọn ọ̀gá, ó sì di oṣù Kìíní 1977 kí wọ́n tó lé wọn dà nù. Tí ẹ bá wo inú kọ́bọ́ọ̀dù alága wa, àwo Ofege wà níbẹ̀. Mo ti rí i. Kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Mo tún gbọ́ tí wọ́n ní àwọn ọmọ yìí ń ba orúkọ àdúgbò ilé iṣẹ́ bíi tiwa jẹ́. Iṣẹ́ wo? Òpópónà Ọba Akran ni Dunlop ti ń ṣe táyà, wọ́n ṣíwọ́ ní 2008, láti ìgbà náà ni mo ti ń ra tòkunbọ̀ tí ẹnì kan ti wọ̀ gbó níbòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bẹ́ mọ́ mi lábẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ilé iṣẹ́ di ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìkẹ́rùsí di gbọ̀ngàn àríyá. Ariwo ló kù tí Oregun ń ṣe jáde. Àwọn ọmọ mẹ́rin yìí nìkan ló sì fẹ́ rọ ọ́ sínú nǹkan tó ṣeé tà.

Ẹ jẹ́ kí n gbé àwàdà jù sílẹ̀. Títì tí àdúgbò wa yà kúrò lára rẹ̀ ń jẹ́ Kudirat Abiola Way. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, àwọn agbanipa yìnbọn pa obìnrin yẹn nínú ọkọ̀ rẹ̀, ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, nítorí pé wọ́n fagi lé ìbò tí ọkọ rẹ̀ wọlé, wọ́n ti ọkọ mọ́lé, òun sì kọ̀, kò panu mọ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ga jù ú lọ ti panu mọ́. Àwa tá à ń fi orúkọ rẹ̀ júwe ilé fún àlejò, ohun tá a rí ṣe ni pé ká kóra jọ, ká fi ìwé gba ohùn lẹ́nu ọmọ ogún ọdún. Ìtìjú ni. Mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un.

Àwọn ọmọ náà kọ orin kan tó dá lórí agírímẹ́ǹtì àti kọ̀míṣọ̀n, bí onílé ṣe ń gba owó ilé, kó tún gba owó tó fi gba owó. Ìṣẹ́jú méjì péré. Gbogbo àwọn ọmọ àdúgbò ti mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ má wulẹ̀ bi mí mọ́ ní dẹ́síbẹ̀lì tó ń dun àwọn onílé.

Tí wọ́n bá sì fẹ́ fẹ̀sùn kan báńdì kankan, mo mọ èyí tó tọ́ sí. Oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n kó wa sí Band A, wọ́n ní wákàtí ogún la ó máa ríná lóòjọ́, ₦225 fún ẹyọ kan. Báńdì yẹn ti gbowó wa ná. Láti Ọjọ́bọ̀ la ti ń retí rẹ̀ lórí ìtàgé.