Ọbẹ̀ Ọ̀fẹ́ ní Parakou

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ lọ sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Parakou lórílẹ̀-èdè Benin, yóò fi yín rẹ́rìn-ín. Ọbẹ̀ tirẹ̀, ìyẹn orin, ń dùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lórí YouTube àti Audiomack, kò sì ná an ní nǹkan kan. Bí orin bá sú u, á ṣí Chrome, á bẹ̀rẹ̀ géèmù.

Lọ́jà Arzèkè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan na owó sí ìyá tó ń ta kírédì àti mẹ́gà íńtánẹ́ẹ̀tì: “Ìyá, ẹ bá mi fi mẹ́gà sẹ́fà 500 sí i kíá, orin mi ń já.” Mẹ́gà wọlé, ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀: “Wá gbọ́, ọ̀fẹ́ ni!” Bí ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ ṣe já lu orin, ó ń mirí sí ìyẹn náà.

Orin lásán, láìsí fídíò, lè jẹ mẹ́gà bíi 58 ní wákàtí kan. Ní 2018, ìjọba Benin ní òun yóò máa gba sẹ́fà 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí aráàlú bá fi lo Facebook, WhatsApp àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ariwo sọ, wọ́n ń kọ #TaxePasMesMo (ẹ má gbowó orí lórí mẹ́gà mi) kiri, ìjọba sì yí ohùn padà lóṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ariwo yẹn tọ́ o. Àmọ́ ta ní ń sunkún mẹ́gà bí kì í bá ṣe ẹni tó ń ra mẹ́gà?

Owó kúkú ń jáde. Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì gba tirẹ̀, YouTube gba ti ọlọ́ṣẹ, oníná mànàmáná ò sì gbàgbé wa. Alásè ńkọ́? Olórin tó ń fi èdè Bààtọ̀nú tàbí Dẹ́ndì kọrin, tó tinú àpò ara rẹ̀ san owó sítúdíò, èéfín ló kàn án.

Ní ti géèmù, ẹ bi àwọn tó fi Flash, irinṣẹ́ tó ń gbé géèmù sórí ayélujára, ṣeré. Iléeṣẹ́ Adobe pa á tì níparí 2020, ọ̀pọ̀ géèmù ọ̀fẹ́ bá a lọ, kò sì sẹ́ni tó lè bínú, torí kò sẹ́ni tó rà á. Ọ̀fẹ́ pọ́ńbélé kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni dáínásọ̀ tí Google fi sínú Chrome ní 2014, tó ń fo igi ọrọ́ kiri. Ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ ló máa ń yọjú.

Bí olórin yín bá wá ṣeré ní Parakou, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fo ògiri wọlé.