Ọmọdé Ti Ń Ra Àkísà

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn tó pa òwe yìí kò mọ̀ pé àkísà ń bọ̀ wá di ọjà. Ṣòkòtò jíǹsì tó ya lórúnkún ni mo kọ́kọ́ fi fura. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ti gìtá: láti 1995 ni ilé iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà ti ń ta gìtá tuntun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ha lára, tí wọ́n bó lọ́dà, tí wọ́n jẹ́ kí irin rẹ̀ dípẹtà, kí ó lè jọ èyí tí ẹnì kan ti fi jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀. Owó rẹ̀ sábà máa ń ga ju ti èyí tó ń dán lọ.

Àrùn náà ti dé ìlú Obbo-Ayégúnlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀, tó mọ gìtá ta dáadáa (n kò ní parọ́ mọ́ ọn), pinnu pé òun yóò gbé orin “Yaa Amponsah” dìde nínú yàrá òun. Ní 1928 ni Jacob Sam, tí wọ́n tún ń pè ní Kwame Asare, àti àwọn méjì mìíràn láti ilẹ̀ tó di Gánà lónìí, wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ ọ́ fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Kumasi Trio ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Orí bí wọ́n ṣe ta gìtá inú orin yẹn ni ọ̀pọ̀ orin háíláìfù dúró lé. Paul Simon ará Amẹ́ríkà pàápàá bù nínú rẹ̀ ní 1990. Ará ilé kan náà ni orin yìí àti jùjú tí Túndé King ti Olówógbówó kọ fún ilé iṣẹ́ Parlophone ní 1936, torí àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà ló tan gìtá tí à ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ta ká gbogbo etí òkun wa.

Àwọn Kumasi Trio kọrin lẹ́nu nínú àwo náà, ṣùgbọ́n ọmọ wa kò gbọ́ èdè wọn. Ó yọ ohùn ènìyàn kúrò, ó ku gìtá nìkan. Ìyẹn kò burú.

Èyí tó burú nìyí. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kó sínú ohun tó ká sílẹ̀, ewúrẹ́ kó sí i, ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe ìsọjí kó sí i pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀. Ó fi áàpù kan pa gbogbo wọn rẹ́. Nígbà tí gìtá náà mọ́ tónítóní tán, ó wá ṣí òmíràn, Vinyl tí ilé iṣẹ́ iZotope ń fi ta àwọn ènìyàn lọ́rẹ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti da eruku, ìhakíha àti gbígbó sínú orin. Ó ń jẹ́ kí ènìyàn yan ọdún kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n 1930 ló pẹ́ jù nínú wọn. Ọmọ náà fajú ro.

“Bàbá, 1928 ni mo fẹ́, ẹ ò rí i pé kò sí níbẹ̀?”

Mo ní kó mú 1930 bẹ́ẹ̀. Eruku ọdún méjì kò lè tó ìjà.

Ariwo ta ni ó tiẹ̀ ń wá kiri? Kì í ṣe ti Sam. Ní 1925 ni makirofóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú iṣẹ́ àwo orin, nítorí náà ohun tó tuntun jù láyé ni wọ́n fi ká àwọn ará Kumasi Trio sílẹ̀. Wọn kò torí ìhakíha la òkun kọjá. Oje kòkòrò ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n fi ń ṣe àwo ìgbà náà, ó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan lábẹ́ abẹ́rẹ́ irin, ó sì yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ abẹ́rẹ́ náà bí ojú àwo kan bá ti parí. Ẹni tó ra àwo tí kò pààrọ̀ abẹ́rẹ́, tó wá gbé e jù sí àjà kí eku máa sáré lórí rẹ̀, òun ló ni ariwo yẹn. Ọmọ wa rò pé Sam lòun ń sín jẹ, ọ̀bùn tó ba àwo Sam jẹ́ ló ń sín jẹ.

Ẹ wo Bámgbóyè agbẹ́gilére ti Odò-Ọwà nítòsí wa níbí, tó kú ní 1978. Àwọn ìbojú Ẹpa tó gbẹ́ wà nílé ọnà káàkiri ayé. Ta ló ní kó gbẹ́ ojú ikán sí i lára? Àwọn tó ń ta ère ayédèrú fún òyìnbó nìkan ló ń ri igi tútù mọ́lẹ̀ kí ó lè jọ ti àtijọ́, a sì mọ orúkọ tí à ń pe irú wọn.

Ohun tó gbó lóòótọ́ ni ọwọ́ Sam: àtàǹpàkò ń di ìsàlẹ̀ mú, ìka ìlábẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ojú àwo kan ń gbà, orí ìda ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá ṣìṣe níparí, ìda tuntun ni, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀. Ọmọ wa ta tirẹ̀ ní kélekèle, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́, ó fi kọ̀ǹpútà tún ibi tó ti kọsẹ̀ ṣe. Eruku nìkan ló jẹ́ ti àtijọ́ níbẹ̀, eruku ọ̀fẹ́ sì ni.

Ọmọ mi, tún un ta. Fi ìka méjì péré ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, má gé e, má lẹ̀ ẹ́. Kí o sì fi jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ ní 2080 mọ̀ pé Obbo-Ayégúnlẹ̀ lo ti ta á.