Ẹ Fi Sílẹ̀

Ṣòkòtò méjì ni mo gbé lọ bá télọ̀ kan ní Àgbowó pé kó bá mi gé ẹsẹ̀ wọn. Iṣẹ́ tí kò ju wákàtí kan lọ ni. Nígbà tó rán an tán, tó lọ̀ ọ́, tó ká a sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, mo yọ owó, mo ní, "Èló lowó iṣẹ́ yín?" Ọkùnrin náà fẹ̀yìn tì, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí mo dápàárá fún. Ó ní, "Háà, ọ̀gá mi! Ẹ fi sílẹ̀ jàre. Ẹ máa mú un lọ. Ṣé torí owó la ṣe mọra ni?"

Mo fi sílẹ̀.

Mi ò kàn fi sílẹ̀ lásán o. Mo dúpẹ́. Mo gbàdúrà fún un pé Ọlọ́run á bù sí i, pé iná ìjọba ò ní í ṣẹ́jú mọ́ ọn lójú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì gbójú sókè wò mí, mo rò pé àdúrà náà ló wọ̀ wọ́n lára. Mo sọdá títì sí ẹnu géètì Yunifásítì Ìbàdàn, inú mi ń dùn ṣìnkìn pé èèyàn gidi ò tíì tán ní Nàìjíríà.

Òkè-Àdó ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, mo sì lo ọdún 22 níbẹ̀; bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní agbègbè Lewisham. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni mo padà wálé, tí mo wá ń bá Màámi gbé ní Bódìjà. Láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù ò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́. O fi káàdì kan ẹ̀rọ. Tó bá dún, o wọlé. Tí kò bá gbà á, o bọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá sì sọ fún ọ pé o ò ní sanwó, o ò ní sanwó nìyẹn. Etí tí mo gbé wọ Àgbowó nìyẹn. Mo gbọ́ Yorùbá dáadáa, mi ò kàn gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ ni.

Ikùn mi ti yọ díẹ̀, nítorí náà mo máa ń rìn láti Bódìjà lọ sí Yunifásítì láràárọ̀. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń kọjá, télọ̀ pariwo, "Ọ̀gá, ẹ kú àná o!" Ẹni tí wọ́n ṣe lóore lánàá ló máa ń jí wá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣe é lóore. Ẹni tó ṣe mí lóore ló wá ń sọ ọ́ fún mi. Mo juwọ́ sí i, mo ní, "Ẹ kú àná náà o!" Lọ́jọ́ kẹta, ó béèrè bóyá ṣòkòtò náà bá mi mu. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo fi hàn án bó ṣe gún régé. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, kò kí mi mọ́, ṣòkòtò ló ń kí: "Ṣòkòtò, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le?" Mo bá ṣòkòtò dáhùn pé ara le. Àwàdà ni mo pè é. Mo tiẹ̀ wá fẹ́ràn ọkùnrin náà sí i.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́ fún Màámi. Wọ́n ń ro àmàlà lọ́wọ́. Ọmọorogùn dúró sínú ìkòkò.

"Àkànní, èló lo fún un?"

"Ó ní kí n fi sílẹ̀, Mà."

"Ó ní kí o fi sílẹ̀. Ìwọ wá ṣe kí ni?"

"Mo fi sílẹ̀."

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo jẹnẹrétọ̀ tó kọ̀ tí kò tan. "Ta ní ń fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Tó bá ní kí o fi sílẹ̀, wàá ní 'ẹ gbà á, ẹ jọ̀ọ́'. Á ní 'ẹ má ṣèyọnu'. Wàá ní 'ẹ fi ra omi mu'. Á wá ní 'ó dáa, ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín'. Ìgbà yẹn lo máa fi owó lé orí mẹ́ṣíìnì, tí wàá sì máa lọ kíákíá kó má baà kà á lójú ẹ."

"Èló ni màá fi lé e?"

"Iye tó tọ́."

"Iye wo ló tọ́, Mà?"

"Iye tí ojú ò ní í tì ẹ́ tó o bá tún gba ibẹ̀ kọjá." Wọ́n padà sídìí àmàlà wọn.

Ojú ti tì mí ná. Mo fi Àgbowó náà sílẹ̀ fún odidi oṣù mẹ́ta, inú Bódìjà àtijọ́ ni mo ti wá ń rìn láràárọ̀. Ibẹ̀ ló kó mi sí wàhálà kejì. Ìyá àgbàlagbà kan ń gbálẹ̀ iwájú ilé wọn. Mo ṣe bí a ṣe ń ṣe ní Lewisham: mo fún ètè pọ̀, mo mi orí díẹ̀, mò ń bá tèmi lọ. Lọ́hùn-ún, ẹni tó bá kí àlejò jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á rò pé ó fẹ́ yáwó ni.

Mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé a jọ sùn ni?"

Mo dúró. Mo yọ ohun tó wà létí mi. Mo ro ìbéèrè náà dáadáa, nítorí ìyá àgbà ló bi mí. Mo ní, "Rárá o, Mà. Ilé Màámi ni mo sùn."

Ìgbálẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí n tó rìn dé ilé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi débẹ̀. Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi etí ìró nu omijé ẹ̀rín. "O tiẹ̀ tún ṣàlàyé ibi tó o sùn! Àwọn tó jọ sùn ti kí ara wọn nínú ilé, ọmọ mi. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé o kọjá lára àwọn bí ẹni kọjá lára òpó iná."

Èyí dùn mí ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Yorùbá tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n já wọn sí Freetown, Aku ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí "ẹ kú eléyìí, ẹ kú tọ̀hún" tí kì í tán lẹ́nu wọn. Wọ́n pàdánù ilé, wọ́n pàdánù ẹbí, ìkíni ò bọ́ lẹ́nu wọn. Èmi tí mo fi owó ara mi ra tíkẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo gbàgbé tèmi sí pápákọ̀ òfuurufú. Bẹ́ẹ̀ ìwé wà tó yẹ kí n ti kà. Ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà ni N. A. Fadipe ti kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí ìgbé ayé Yorùbá ní 1939. Ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn sì sọ ọ́ di ìwé ní 1970, ọ̀rọ̀ ìkíni wà níbẹ̀. Ìlú tí mo ti ń wa bọ́ọ̀sì lọkùnrin náà ti kọ ọ́, òdìkejì títì sí ọ̀dọ̀ télọ̀ mi ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Àárín méjèèjì ni mo ti ń ṣe bí ẹni tí kò nílé kiri.

Ọjọ́ tí mo ti Dúgbẹ̀ bọ̀ ló burú jù. Mo wọ takisí Micra nítòsí Cocoa House, ilé alájà 26 tí wọ́n kọ́ parí ní 1965, mò ń bọ̀ ní Bódìjà. Dírẹ́bà ti pariwo pé "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!", mo rò pé ìmọ̀ràn ni. Èmi àti ìyá kan tó jókòó tì mí fún un ní ₦500 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦250 ni ṣéńjì kálukú. Nígbà tí a dé ọjà Bódìjà, ó na ₦500 kan ṣoṣo sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ pín in," ó sì wakọ̀ lọ.

Ìyá náà ń ta èlùbọ́ nínú ọjà. Mo tẹ̀ lé wọn kí wọ́n lè ṣẹ́ owó. Bí a ṣe ń kọjá láàárín àpò ẹ̀wà àti gàrí, gbogbo ẹni tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń sọ fún pé, "Ọkọ mi nìyí o! Dírẹ́bà ló so wá pọ̀." Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo rò pé ó yẹ kí n sọ òótọ́ kí ọ̀rọ̀ tó jìn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, mo ti níyàwó sílé." Gbogbo ìsọ̀ ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ta ata gígún ní, "Ṣé kò ṣeé fẹ́ kún un ni?"

Kí n lè bọ́ níbẹ̀, mo ní kí wọ́n wọn kóńgò èlùbọ́ kan fún mi, màá fi owó kún ṣéńjì mi. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó ga gègèrè, wọ́n tún bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e. Mo rí i pé wọ́n ti ṣì í wọ̀n. Ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ọlọ́jà bá fún mi jù, mo máa ń dá a padà, ìwà yẹn ni mo sì fi ń yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ méjèèjì padà sínú ọpọ́n wọn. Mo ní, "Ẹ ti ṣì í, Mà. Ẹ má pàdánù."

Ìsọ̀ dákẹ́. Ẹ rántí pé mo ti sọ fún ìyá yìí níṣojú ẹgbẹ́ wọn pé mi ò lè fẹ́ wọn. Mo tún wá da èènì wọn padà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n wo èlùbọ́ náà nínú ọpọ́n, wọ́n wò mí. "Kí ni mo fi ṣe ẹ́?" Wọn ò jágbe. Ì bá sàn kí wọ́n jágbe. Èyí tó wà nínú kóńgò ni mo rà; èyí tó wà lókè yẹn, èmi ni wọ́n fi ń kí.

Oṣù karùn-ún, ọ̀rẹ́ Màámi ṣòde ní gbọ̀ngàn kan ní Ring Road. Aṣọ ẹbí tí wọ́n ní "a ti mú tìẹ sílẹ̀" kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Oṣù kẹrin ọdún yẹn gan-an ni ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ẹ̀rọ ayélujára, lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí pé ó fọ́n owó náírà lóde, èyí tí òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 kà léèwọ̀. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Mo ti pinnu pé náírà kankan ò ní í fò lọ́wọ́ mi.

Ẹnu géètì ni onígángan ti pàdé mi. Ó wò mí láti bàtà dé fìlà, ó gbé ìlù sí abíyá, ó kì mí, ó ki bàbá mi, ó sọ mí di ọmọ ìlú tí mi ò dé rí. Orí mi wú. Nígbà tó dáwọ́ dúró, mo pàtẹ́wọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, mo pàtẹ́wọ́, mo tún ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ó dára gan-an." Ó tún bẹ̀rẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tẹ̀ lé mi dé ìdí tábìlì, ohùn ìlù ti yí padà, ó ti ń já ṣókí ṣókí. Ẹran fẹ́rẹ̀ẹ́ há bàbá kan tó wà ní tábìlì wa lọ́fun.

"Ṣé o gbọ́ ohun tó ń wí?"

"Rárá, Sà."

"Ó ní àtẹ́wọ́ ò ra ìrẹsì."

Mo sáré yọ fóònù, mo ní kí onílù pe nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ kí n fi owó ránṣẹ́. Ó pè é láìmí. Nẹ́tíwọ̀kì kọ̀. Ó dúró tì mí títí nẹ́tíwọ̀kì fi dé, ó ń lù ú jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Látìgbà yẹn ni mo ti pinnu pé "rárá" tí Ìbàdàn bá sọ, "bẹ́ẹ̀ ni" ni. Aládùúgbò wa kan, olùkọ́ Yunifásítì tó ti fẹ̀yìn tì, fi ọkọ̀ wọn gbé mi dé Challenge. Bí mo ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí wọ́n gba owó epo. Wọ́n ní, "Má ṣèyọnu." Háà, mo mọ èyí! Mo ní, "Ẹ gbà á, ẹ jọ̀ọ́, Sà." Wọ́n ní rárá. Mo ní, "Ẹ fi ra omi mu." Wọ́n ṣì ń mi orí nígbà tí mo fi ₦2,000 lé iwájú ọkọ̀, tí mo bọ́ sílẹ̀, tí mò ń sá lọ bí Màámi ṣe kọ́ mi. Ọkọ̀ náà tẹ̀ lé mi. Láàárín àwọn ọkọ̀ tó ń pe Èkó, wọ́n sọ gíláàsì kalẹ̀, wọ́n ju owó náà sí mi láyà. "Ṣé kabúkabú ni mò ń wà?"

Mo bi Màámi pé báwo ni mo ṣe máa mọ "rárá" tó jẹ́ rárá. Wọ́n ní kí n máa wo ojú. Èmi tí mo fi ọdún 22 kọ́ bí wọn kì í ṣe é wo ojú ẹnikẹ́ni!

Oṣù keje ni mo tó gbójú padà sí Àgbowó, mo mú ₦5,000 dání. Télọ̀ rí mi lókèèrè, ó dìde. "Ṣòkòtò dé!" Mo kí i bó ṣe yẹ: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ìjókòó, àwọn ọmọ ńkọ́, iná ńkọ́. Mo fi owó lé orí mẹ́ṣíìnì. Ó ní kí n fi sílẹ̀. Mo ní ó gbọ́dọ̀ gbà á. Ó ní mo ti ṣe é jù. A lọ, a bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin. Mò ń kà á. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kì í bọ abẹ́ fìlà.

Oúnjẹ ọ̀sán wà níwájú rẹ̀, àmàlà àti gbẹ̀gìrì. Ó ní, "Ẹ wá jẹun." Mo mọ èyí náà. Mo ní, "Á gba ibi ire o." Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí mi. "Mo ní ẹ wá jẹun." Mo wo ojú rẹ̀. Mo jókòó. Ó ní kí wọ́n gbé àwo kejì wá, a jẹ, a sọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun wà ní Peckham, bóyá mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ọmọ olóúnjẹ wá kó abọ́, ó dúró, ó ń retí owó. Télọ̀ na ọwọ́ sí abẹ́ fìlà. Èmi náà fẹ̀yìn tì, mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe rí i tó rín in lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní, "Háà, ẹ fi sílẹ̀ jàre. Ṣé torí owó la ṣe mọra ni?"

Ó fi sílẹ̀.