Ilé Wo Ni Ó Wò Kí Ó Tó Sọmọ Lórúkọ?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóde òní, a ń rí ilé àjọgbé, èyíinì ni ilé tí àgbàlagbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin dáwó jọ háyà, tí olúkúlùkù ní yàrá tirẹ̀ ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn jọ ń lo pálọ̀ àti ilé ìdáná, níbi tí tábìlì ìjẹun kan ṣoṣo tí ó wà nílé ti di ìdíkọ̀ rélùwéè. Ọkọ̀ ojú irin ń gba orí tábìlì náà kọjá. Ó ní iná pupa tí ń dá ọkọ̀ dúró, ó ní pèpéle tí èrò tò sí, ó sì ní pátákó tí a kọ orúkọ ìlú sí. Àwọn tí wọ́n jọ ń san owó ilé, tí wọn kò sì ní ọkọ̀ kankan láti wọ̀, ni wọ́n ń gbé àwo lé itan jẹun.

Rélùwéè àwòṣe ni à bá máa pe nǹkan náà: rélùwéè tí a fi ọwọ́ kọ́ ní kékeré, tí iná mànàmáná ń ti ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ lórí irin tí a kàn mọ́ pákó. Àwọn ará Jámánì ni ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ sí lọ́rùn jù, nítorí ní ọdún 1891 ni ilé iṣẹ́ Märklin gbé irin tí ìbú rẹ̀ ti ní òṣùwọ̀n kan pàtó wá sí ọjà ńlá Leipzig, kí ẹni tí ó bá ra díẹ̀ lónìí lè ra díẹ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀la, kí ó sì so ó mọ́ ti àkọ́kọ́. Báyìí ni a ṣe dá ohun ìṣeré tí kì í tán sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, èyí tí í ṣe pé ipò tí ìdílé wà ni ó ń tọ́ka orúkọ tí ó yẹ ọmọ. Orúkọ ni ọ̀gbẹ́ni onírélùwéè, ẹni tí ó gba tábìlì lọ́wọ́ àwọn ará ilé, fi bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó ra irin ẹyọ kan, ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì láti hun orúkọ ìlú tí kò sí níbì kankan, ṣùgbọ́n tí etí yóò gbà pé ó wà. Ó ti pinnu pé ọdún 1957 ni ìlú náà wà, pé oṣù kẹwàá ni, nítorí ewé igi gbọ́dọ̀ máa pọ́n, ó sì ti mọ ìdí tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò fi bá ìyàwó ọ̀gá ìdíkọ̀ lára mu. Tíṣù àti páálí ni ìyàwó yẹn o. Kò tíì mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ń ṣiṣẹ́ òru, tí ọ̀sán sì jẹ́ àsìkò oorun fún un, nígbà tí ayùn ń ké ní pálọ̀.

Síbẹ̀, irọ́ ni yóò jẹ́ bí a bá sọ pé kò wo ilé. Ó wò ó dáadáa. Ilé tí ó wò ni ilé páálí tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, tí gíga rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ kan lọ: ó fi ẹ̀mú to òrùlé rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó fi èédú lílọ̀ pa ẹnu ihò èéfín kí ó lè dà bí ẹni pé wọ́n ti ń dáná níbẹ̀ fún ogún ọdún, ó fi lẹ́búlẹ́bú pákó tí a pa láró ṣe koríko, ó sì gbé garawa ìdalẹ̀nù kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ìrẹsì lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tí ó fi búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ kùn ní ìdí kí ó lè jọ èyí tí ó ti dógùn-ún. Garawa ìdalẹ̀nù tí ó wà ní ilé ìdáná gidi ti kún láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òun ni ó kàn láti dà á nù.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n tilẹ̀ tún burú ju ti garawa lọ. Àlàfo àárín irin méjì rélùwéè gidi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mílímítà 1,435. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ fẹ́ ṣe tiwọn ní kékeré, wọ́n rí i pé ẹ̀ńjìnnì àwọn kò tóbi tó ti àwọn ará Yúróòpù yòókù, mọ́tò kò sì rí àyè nínú rẹ̀. Wọ́n wá fẹ ara ọkọ̀ dé ìwọ̀n 1:76, ìyẹn ni pé ohun gidi tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po 76, ṣùgbọ́n wọ́n fi irin sílẹ̀ ní mílímítà 16.5, tí ó bá ìwọ̀n 1:87 mu. Irin wá fi mílímítà méjì àti díẹ̀ há ju bí ó ti yẹ lọ. Nítorí mílímítà méjì yìí, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ní ọmọ lọ́mọ ti pín sí ìjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: àwọn kan dúró ti 16.5, àwọn kan sún un dé 18.2, àwọn olóòótọ́ pátápátá sì ní ohun tí ó bá kù sẹ́yìn 18.83, ẹ̀ṣẹ̀ ni. (Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni ó tẹ́ irin Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 ní mílímítà 1,067, oorun kò sì dá lójú ẹnikẹ́ni.) Ẹni tí ojú rẹ̀ kò gba mílímítà méjì lórí tábìlì yìí ni ó fi pákó dí ọ̀nà balùwẹ̀ títí ẹni tí ó bá sanra díẹ̀ fi ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn.

Bí wọ́n bá bá a wí, yóò ní kékeré ni. Òótọ́ ni pé àwọn ọlọgbọ́n kan ti gbìyànjú láti ṣe é ní kékeré. Ní 1957, C. J. Freezer, olóòtú ìwé ìròyìn Railway Modeller, ya àwòrán ìdíkọ̀ kan tí ó pè ní Minories, tí gígùn rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 7. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó bá kúrò ní ìdíkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò lọ, nítorí náà pákó mìíràn wà lẹ́yìn ògiri páálí, tí àlejò kì í rí, níbi tí ọkọ̀ ń fara pamọ́ sí títí yóò fi tó àkókò láti tún jáde bí ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn dé. Igbàlẹ̀ nìyẹn, níbi tí eégún ti ń múra, igbàlẹ̀ ọkọ̀ yìí sì gùn tó ọjà tí eégún ń jó lọ. Ti Alan Wright, onírélùwéè àwòṣe mìíràn, tí wọ́n ń pè ní Inglenook, tilẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹsẹ̀ irin mẹ́ta péré, tí ọ̀kan gba ọkọ̀ ẹrù márùn-ún, tí méjì tó kù gba mẹ́ta mẹ́ta. A ó ṣẹ́ kèké láti yan márùn-ún nínú ọkọ̀ mẹ́jọ, a ó sì fa wọn síwá sẹ́yìn títí wọn yóò fi tò bí kèké ṣe wí. Ọ̀nà 6,720 ni ó wà láti tò wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni wa mọ púpọ̀ nínú wọn lórí, àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí abọ́ mẹ́rin lè gbà dúró lórí tábìlì kan náà kò tíì yé e.

Olórin Rod Stewart lo ọdún tí ó lé ní ogún lórí irú ìlú bẹ́ẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní Los Angeles. Ó ní ilé, ó ní àyè, kò sí ẹni tí ó lè bi í.

Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti kórìíra ọ̀gbẹ́ni onírélùwéè wa. Ní 1963, ìwé kan jáde lábẹ́ orúkọ Richard Beeching, ọ̀gá rélùwéè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tí ó gba ìjọba nímọ̀ràn láti ti ìdíkọ̀ tí ó lé ní 2,000 pa nítorí pé wọn kò mówó wọlé, ìdíkọ̀ abúlé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí ó fi di 1968, ẹ̀ńjìnnì elédùú ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ìjọba fi bébà kan pa rẹ́ ni ọ̀gbẹ́ni yìí ń fi ẹ̀mú gbé dìde, pèpéle kan lẹ́yìn èkejì, ní ìlú tí kò sí ẹni tí yóò béèrè èrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ṣọ̀fọ̀ ni, kò kàn rántí bi àwọn ará ilé bóyá wọ́n fẹ́ bá a ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n jókòó yí tábìlì ká, ìrẹsì gbígbóná lórí itan. Ọkọ̀ aago méjìlá àbọ̀ wọlé lásìkò gẹ́lẹ́, ó dúró níwájú èrò, kò sì sí ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀, nítorí gọ́ọ̀mù ni ó fi lẹ ìdí gbogbo wọn mọ́ ìjókòó.