Lẹ́tà sí Alága Wa Tó Ń Dúró De Òjò

Sí Alága Ẹgbẹ́ Onílé àdúgbò wa,
Etí odò Ògùnpa, Ìbàdàn.

Alága wa, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó mú bírò, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi yìí, èèyàn kì í wà ní ìnàró sọ ọ́ fún àgbà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn yín. Ní gbogbo àdúgbò yìí, kò sẹ́ni tó mọ ojú ọjọ́ tó yín. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ l'Ábùjá ń lo sátẹ́láìtì, síbẹ̀ wọ́n máa ń ṣì í sọ. Ẹ̀yin kì í ṣì í. Kí òjò ṣáà ti ṣú dẹ̀dẹ̀, kí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í já aṣọ lórí okùn, a ó gbọ́ ohùn yín láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: "Ẹ kó o jáde o! Ó ti dé!" Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àpò ìrẹsì tó kún fún náílọ̀nù, èèpo iṣu, bàtà jíjá àti pámpásì ọmọ á gba orí fẹ́ǹsì kọjá. A ó gbọ́ gbì nínú omi. Kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó kan páànù, àgbàlá yín ti mọ́ tónítóní. Àwa tí à ń sanwó fún akólẹ̀ lóṣooṣù wá dà bí ẹni tí kò gbọ́n.

Páìpù yẹn náà wà ńbẹ̀. Ẹ mọ èyí tí mò ń wí. Ó ti inú sọ́kàwéè yín jáde, ó gba abẹ́ igi máńgòrò, ó wá yọ orí sínú ìṣàn kékeré tó ń lọ pàdé Ògùnpa. Ẹ rò pé a kò rí i, nítorí ẹ fi páànù àlòkù bò ó. Alága, ojú wa kò tíì kàn án tí imú wa ti kí i.

Ǹ bá má dá sí i, bí kì í bá ṣe ti fọ́tò tí ẹ fi sórí WhatsApp àdúgbò nígbà tí ẹ lọ kí àwọn ọmọ yín ní London. Ẹ wọ kóòtù, ẹ dé fìlà gọ̀bì, ẹ fọwọ́ lé irin etí odò Thames, ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo bí òyìnbó ṣe ń tọ́jú odò wọn. Àwa èèyàn dúdú, ó kù díẹ̀ káàtó." Gbogbo wa tẹ àtàǹpàkò sí i. Èmi náà tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnìkan sọ ìtàn odò yẹn fún yín.

Lọ́dún 1858, òórùn Thames burú débi pé wọ́n ń rẹ kọ́tìnì ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sínú kẹ́míkà kí àwọn aṣòfin lè ríbi jókòó. Ni Joseph Bazalgette, ẹnjiníà, bá gbẹ́ kòtò abẹ́ ilẹ̀ tó ń kó ìgbẹ́ àti ìtọ̀ gbogbo ìlú lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ó sì dà á síbẹ̀. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ ń ṣe gan-an ni: ó gbé e fún aládùúgbò. Nígbà tó di 1957, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn kéde pé odò náà ti kú. Àní, kú! Òyìnbó ló pa á, ní ojú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn.

Ohun tó jí i kì í ṣe ìwà tútù. Wọ́n ń bu omi rẹ̀, wọ́n ń wọn atẹ́gùn tó wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ èsì sílẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n wá fi èsì náà fún ìjọba lọ́rùn títí ó fi náwó sórí àwọn iléeṣẹ́ tó ń fọ omi ẹ̀gbin ní Beckton àti Crossness. Lọ́dún 1974, ẹja sámọ́ọ̀nù kan há sí ibi tí iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kan ti ń fa omi, irú ẹja tí wọn kò rí nínú odò náà fún ohun tó lé ní 100 ọdún. Ẹja kan ṣoṣo, ó di ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀: títí di àìpẹ́ yìí, bí òjò ńlá bá rọ̀ ní London, kòtò Bazalgette á kún, ìgbẹ́ á sì tú wọ Thames. Ní 2025 ni wọ́n tó so gbogbo ẹnu ihò ńlá abẹ́ ilẹ̀ tó gùn ní kìlómítà 25 pọ̀ láti fi gba ìyẹn dúró. Nítorí náà, Alága, ẹ̀yin àti London, ọmọ ìyá kan náà ni yín. Òjò ni ẹ jọ ń dúró dè. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tiwọn, ẹnìkan ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Kò sí ìpàdé tí a ṣe tí ẹ kò ní sọ ìtàn Omíyalé. A fẹ́ràn rẹ̀, ẹ mọ ìtàn sọ. Ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ, 1980: òjò rọ̀ fún wákàtí bíi mẹ́wàá, Ògùnpa kún àkúnya, ó wó ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn lọ. Ẹ máa ń fi ọwọ́ júwe ibi tí omi dé lára ògiri. Ẹ sì máa ń fi kún un pé inú ló bí odò. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ní 26 oṣù Kẹjọ, 2011, nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, tí èèyàn tó lé ní 100 kú ní Ìbàdàn, ẹ lọ wo abẹ́ àwọn afárá tó wó. Àpò ìrẹsì ló dí i lẹ́nu. Mátírẹ́ẹ̀sì ló dí i lẹ́nu. Odò kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Omi ń wá ọ̀nà, ẹ ti fi ilẹ̀ dí i, àwọn míì sì ti kọ́lé sí i, ló bá gba yàrá yín kọjá. Lọ́dún 2014, Báńkì Àgbáyé yá wa ní mílíọ̀nù 200 dọ́là láti fi dènà àgbàrá ní Ìbàdàn yìí. Gbèsè ni o, Alága. Àwọn ọmọ-ọmọ yín ló máa san án, nítorí ohun tí akólẹ̀ ì bá gbé lọ.

Ìyẹn tiẹ̀ ṣe é gbé tì. Ẹ̀fọ́ ni kí a sọ. Ìsàlẹ̀ ọ̀hún, lẹ́yìn afárá, níbi tí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti ń dáko ẹ̀ẹ̀rùn sétí omi, ẹ ti dúró wò wọ́n rí? Agolo ọ̀dà tí wọ́n lu ihò sí ìdí ni wọ́n fi ń bu odò náà wọ́n ebè, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ewé tẹ̀tẹ̀ á máa dán, á tutù yọ̀yọ̀. Ìyàwó yín ń ra ti òwúrọ̀ kùtùkùtù níbẹ̀, ó ní kò sí ẹ̀fọ́ tó dáa tó o. Mo gbà pé kò sí. Ẹ̀yin lẹ fún un lájílẹ̀.

Mo rántí bí inú ṣe bí yín lórí ọ̀rọ̀ odò Ọ̀ṣun. Ẹ dìde dúró nípàdé, ẹ ní àwọn awakùsà tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi ìyá di ẹrẹ̀, ẹ ní kí ìjọba kó gbogbo wọn. Òótọ́ lẹ sọ. Odò tí Igbó Ọ̀ṣun rẹ̀ ní Òṣogbo wà nínú ìwé UNESCO láti 2005, ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ ń kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu ún. Ọ̀ṣun yẹn kan náà ló ń ṣàn wọ ìdídò Aṣẹ́jirẹ́, níbi tí omi ẹ̀rọ Ìbàdàn ti ń wá. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n bí ẹ ti ń pariwo awakùsà lọ́wọ́, mo ń gbọ́ páìpù yín tó ń kán tó, tó, tó.

Nígbà èwe yín, wolé-wolé, àwọn tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò, wà. Ẹ ti sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń yọjú sínú àmù, tí ìyá yín sì ń sá kiri. Wolé-wolé ti lọ, ẹ̀rù sì bá wọn lọ. Mo rí i pé ohun tó máa rọ́pò wọn ti bẹ̀rẹ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ iwájú ilé wa.

Tíṣà kan níbẹ̀ gbọ́ pé ní South Africa àwọn ọmọ iléèwé ń fi kòkòrò mọ bí odò ṣe dá tó. MiniSASS ni wọ́n ń pe ètò náà. Kò gba ẹ̀rọ. Ó rán àwọ̀n ẹ̀fọn mọ́ wáyà, ó ra abọ́ funfun, ó kó àwọn ọmọ lọ sí ìṣàn ẹ̀yìn ilé yín. Mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n ń yí òkúta, wọ́n ń gbọn àwọ̀n sínú abọ́, wọ́n ń kà. Lápá òkè odò, kó tó dé fẹ́ǹsì yín, wọ́n rí ọmọ lámilámi, èyí tó ń gbé inú omi kó tó hu ìyẹ́, wọ́n rí edé wẹ́wẹ́, wọ́n rí kòkòrò kan tó ní ìrù mẹ́ta tíntín, tí tíṣà ní kì í gbé inú omi ẹlẹ́gbin. Lápá ìsàlẹ̀ odò, lẹ́yìn fẹ́ǹsì yín, eṣúṣú ni, àti ìdin pupa tó ń yí bírí bírí. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ìdin náà ló pọ́n bẹ́ẹ̀, òun ló fi ń rí atẹ́gùn díẹ̀ mú níbi tí ẹja ò ti lè mí. Ohun tó lè gbé nínú omi yín kò ju ìyẹn lọ mọ́.

Wọ́n yàwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Ọmọ-ọmọ yín obìnrin, èyí tí ẹ ń pè ní Ìyá Àgbà, wà lára wọn, òun ló kọ àkọlé síbẹ̀. Láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ó fa ìlà kan, ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Páìpù Bàbá". Tíṣà fẹ́ kó pa á rẹ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Wọ́n tún ń lọ lọ́jọ́ Sátidé yìí, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n á sì lẹ èsì mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé wa, ní ibi tí fọ́tò yín wà. A fẹ́ kí ẹ bá wa lọ. Ẹ wọ bóòtù, ẹ má wọ agbádá. Ohùn tí ẹ fi ń pe àwọn ará ilé yín pé kí wọ́n kó ilẹ̀ jáde, òun gan-an la nílò: bí òjò bá ṣú, ẹ bá wa fi í pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má ju nǹkan kan sómi, gbogbo àdúgbò á gbọ́ràn, nítorí ẹ̀rù yín ń bà wá. Kí ẹ sì tó wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn tó ń gbọ́n sọ́kàwéè, kí ẹ dí páìpù yẹn.

Ọmọ yín,
Ayálégbé ilé kejì sí tiyín, ní apá ìsàlẹ̀ odò.