Ọ̀gá Onímàlúù, Ẹ Kú Ewu Ọmọ

Ẹ̀yin ọ̀gá onímàlúù tí ẹ ń gbé Kútọnu àti Àjàṣẹ́, tí màlúù yín ń gbé Oko-Akarè, ẹ kú ewu ọmọ o. Mo gbọ́ pé abo ni. Bí ẹ ṣe ń gba ìkíni lórí fóònù láti àná, tí ẹ ń mí kanlẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ṣe bí ẹ̀yin gan-an lẹ rọbí.

Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí mi. Nílẹ̀ wa níbí, láti Kétou dé Sakété, òru Ẹ̀fẹ̀ inú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ la fi ń sọ ọ̀rọ̀ tí ojú ọ̀sán kò gbà. UNESCO pàápàá ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti ọdún 2001 pé ogún gbogbo aráyé ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá dùn, kó gbé UNESCO lọ sílé ẹjọ́.

Àsìkò tí màlúù ń bímọ la wà yìí, ìṣirò rẹ̀ kò sì le. Oyún oṣù mẹ́sàn-án ni màlúù ń ní, bíi ti obìnrin. Èyí tó bá jẹ koríko tútù nínú òjò oṣù kẹfà, tó yó, tí ara rẹ̀ dá, tó wá gbà fún akọ, ìgbà wo ni yóò bí? Oṣù kẹta ni, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ kò tíì kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílẹ̀, tí òjò àkọ́rọ̀ ṣì ń ṣe wá-n-bí, lọ-lọ́ọ̀hún. Ìyá kò rí koríko gidi jẹ, ọmọ ń wá ọmú, ìyàwó Fúlàní ń wá wàrà tí yóò tà, ọ̀gá náà sì ń ránṣẹ́ láti Kútọnu pé kí wọ́n bu tòun sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ jọ̀ọ́, màlúù náà ń gbọ́ o.

Ọ̀gá kan wà tí mi ò ní dárúkọ. Ó mọ ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Màlúù rẹ̀ wà ní gàá lẹ́yìn abúlé, lọ́wọ́ Fúlàní tó ń bá a dà wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bí, fóònù darandaran dún kí ìdí rẹ̀ tó kan àga.

"Ṣé ó ti bí?"

"Ó ti bí, Alájì."

"Akọ ni àbí abo?"

"Abo ni, Alájì."

"Àlùhámúdúlílà! Ya fọ́tò rẹ̀ sí mi kíá."

Ó tán. Kò béèrè bóyá ìyá ọmọ yè. Kò béèrè bóyá ibi ti jáde, bẹ́ẹ̀ ibi tó bá sùn sínú màlúù di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà ẹran nìyẹn. Kò béèrè bóyá darandaran fojú ba oorun. Fọ́tò ló ń béèrè. Nígbà tó rí i gbà, ó gbé e sórí WhatsApp, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó bùkún iṣẹ́ ọwọ́ òun. Iṣẹ́ ọwọ́ wo, Alájì? Èyí tí ẹ fi tẹ fóònù?

Àmọ́ kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó wá fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó gun zemidjan láti Ikpinlè, ó wọ bàtà onímú ṣóńṣó tó ń dán, ó lé agbádá léjìká méjèèjì, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí bí dúkìá òun ṣe ń pọ̀ sí i. Mo wà níbẹ̀. Kó tó rìn láti ojú ọ̀nà dé gàá, ẹrẹ̀ ti gba bàtà ẹsẹ̀ òsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú màlúù rẹ̀ ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Bí màlúù ṣe ń ṣe nìyẹn, bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, kì í fẹ́ ojú ayé. Abẹ́ igi tó fara sin ni yóò wá lọ. Ọmú rẹ̀ ti wú, ẹran ìdí ìrù rẹ̀ ti dẹ̀, ó ń dùbúlẹ̀, ó ń dìde, ó ń wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sọ́jà. Ìyàwó darandaran di tọ́ọ̀ṣì mú. Ọkọ rẹ̀ lọ lóṣòó, kò sọ̀rọ̀. Omi fọ́. Nígbà tó yá, pátákò funfun méjì yọ.

Ọ̀gá fi igbe ta: "Ẹsẹ̀ ló ń mú bọ̀! Mo kú! Ẹ dá a padà, kó mú orí bọ̀!"

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Alájì, màlúù kì í ṣe ènìyàn. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ni ọmọ màlúù fi ń ṣíwájú wá sáyé, imú rẹ̀ á tẹ̀ lé e, á dùbúlẹ̀ lé ẹsẹ̀ náà lórí. Bí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dúró jẹ́ẹ́, ọ̀nà rere ni. Ìgbà tí ìrù nìkan bá yọ ni kí ẹ pariwo. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ẹni tó ti ká agbádá lọ́wọ́, tó ti di pátákò mú, tó ń fà á bí olè tó ń já àpò gbà? Ìyá ọmọ kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dá Alájì lóhùn. A gbé ọ̀gá dìde, a gbé fìlà rẹ̀ dìde, ọmọ sì ti bọ́ sílẹ̀ wọ̀ọ́ láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ń lá a. Kí wákàtí kan tó pé, ọmọ ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ń fi imú wá ọmú. Ọ̀gá ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wá bàtà.

Níbi wàrà lọ̀rọ̀ ti wá le. Ọ̀gá rí omi ọmú àkọ́kọ́, ó rí i pé ó ki, ó pọ́n bí òróró, ó ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún òun sínú tíì torí ó dájú pé agbára pọ̀ nínú ẹ̀. Darandaran wò ó tìyanu-tìyanu. Alájì, ti ọmọ nìyẹn! Òun ni àjẹsára tí Ọlọ́run dì fún un. Ọmọ màlúù tí kò bá mu ún láàárín wákàtí mélòó kan tó dáyé, àìsàn kékeré ló lè gbé e lọ. Ẹ̀yin ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tiyín nílé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gba tirẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ náà, mélòó ni wàrà ọ̀hún? Màlúù ilẹ̀ wa kì í ṣe ti Holland. Tí a bá rí lítà kan sí méjì lójúmọ́ lẹ́yìn tí ọmọ ti mu, à ń dúpẹ́. Bí ọmọ kò bá sì kọ́kọ́ fẹnu kan ọmú, ọ̀pọ̀ màlúù kì í jẹ́ kí wàrà sọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so ọmọ mọ́ okùn lóru, tí wọ́n á tú u láàárọ̀ kó mu díẹ̀, tí wọ́n á tún fà á kúrò kí ìyàwó Fúlàní jókòó ti igbá. Ọmọ á máa ké, ìyá á máa dá a lóhùn. Èyí tó bá kù, obìnrin náà á gbé e kaná, á fún omi ewé bọmubọmu síi kó lè dì, á fi pòpóró ọkà bàbà pa á láró pupa, ó di wàgàṣì nìyẹn, ó dọjà Ikpinlè. Owó ibẹ̀ ló fi ń ra gàárì àti iyọ̀. Ṣé ọ̀gá mọ̀? Ó mọ̀. Àdéhùn ni pé wàrà jẹ́ ara owó iṣẹ́ ẹni tó ń da ẹran. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí ìyàwó ọ̀gá bá jẹ wàgàṣì níbi ìnáwó, yóò wo ọkọ rẹ̀ lójú: "Ṣé màlúù tiwa kì í fún ni ní wàrà ni?" Ọ̀gá á sì fa fóònù yọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀gá sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ má baà ní mo kórìíra ọlọ́rọ̀. Ó ku ẹni tó ra màlúù nítorí ojú àwọn aládùúgbò. Ó lọ sí ọjà, ó rí màlúù oníké tó ti òkè wá, ìwo rẹ̀ gùn, ó ga, ó funfun, ọ̀rọ̀ parí. Nígbà tó rí màlúù abínibí wa, Lagune, tí kò ga tó mítà kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ewúrẹ́ ni. Kò pẹ́. Eṣinṣin tsetse bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀gbẹ́ni oníké ṣeré, kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀, oníké ń rù, ó ń ṣẹ́yún, ó ń wo koríko láìjẹ ẹ́. "Ewúrẹ́" kúkurú ọ̀hún ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ara rẹ̀ ti mọ àrùn yẹn láti ìran dé ìran. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ o: ìran Lagune yìí ni wọ́n ń sìn ní oko ìjọba ní Samiondji; ní Fàṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́, màlúù N'Dama tó ti Guinea wá ni wọ́n kó síbẹ̀, òun náà kúkurú, òun náà mú eṣinṣin mọ́ra. Àwọn tó kàwé ra kúkurú, àwa tí a fẹ́ kí wọ́n rí wa ra gíga.

Àgbẹ̀ wa náà ńkọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó kàn yín. Màlúù kan wọ inú oko àgbàdo lóru, ó jẹ díẹ̀, ó bímọ síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgbẹ̀ gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ olórí abúlé, ó ní ìyá jẹ àgbàdo òun, ọmọ sì fi ilẹ̀ òun ṣe yàrá ìbímọ, òun fẹ́ gba owó àgbàdo, òun sì fẹ́ gba ọmọ mọ́ ọn. Fúlàní ní ọmọ kò ní eyín, kí ló lè jẹ? Olórí abúlé bi àgbẹ̀ pé àgbàdo mélòó ló bàjẹ́. Iye tí àgbẹ̀ dá lóhùn, gbogbo agbègbè Adja-Ouèrè kò gbin tó bẹ́ẹ̀. Benin ní òfin tó dá lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, nọ́ńbà 2018-20 ti ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2018, ó sọ ibi tí ẹran lè gbà àti ohun tí olóko lè gbà. Mo wo inú rẹ̀. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti ní kí àgbẹ̀ gbọ́mọ.

Ìjọba náà kò gbẹ́yìn nínú eré. Oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè. Oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, Benin ní màlúù ilẹ̀ òkèèrè kò gbọ́dọ̀ wọlé wá jẹko mọ́. Kò burú. Màlúù tó gboyún ní Ìmẹ̀kọ, tó wá bí sí ìhín, ọmọ orílẹ̀-èdè wo lọmọ rẹ̀? Ta ni yóò gba ìwé ìbí fún un? Mo bi màlúù kan, ó gbé ìrù sókè, ó dá mi lóhùn sórí bàtà.

Darandaran, má rò pé mo gbàgbé rẹ. Mo mọ ìṣirò tìrẹ náà. Bí màlúù mẹ́rin bá bí lóru kan, tí ọ̀kan kú, èyí tó kú kì í ṣe tìrẹ láé, ti ọ̀gá ni. Bí ọ̀kan bá lágbára jù, tí ara rẹ̀ ń dán, tí òun sì jẹ́ abo, ẹ ò rí nǹkan, tìrẹ nìyẹn. Àwọ̀ ara ni ẹ̀yin Fúlàní fi ń sọ màlúù lórúkọ, ẹ kò jẹ́ ṣì wọ́n mọ̀ lókùnkùn. Báwo ni ikú náà ṣe mọ ti ọ̀gá yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá kì í béèrè awọ, ìwọ náà kì í mú un wá.

Ṣùgbọ́n tí a bá fi ẹ̀fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, darandaran ló sùn sábẹ́ igi. Ìyàwó rẹ̀ ló di tọ́ọ̀ṣì mú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá ló gbé ọmọ màlúù sí èjìká gba inú ẹrẹ̀ kọjá, nígbà tí ọmọ náà kò tíì lè rìn bá agbo. Owó abẹ́rẹ́ tí dókítà ẹran gbà, àpò wọn ló ti jáde, torí nọ́ńbà ọ̀gá kò lọ lọ́jọ́ yẹn. Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ tí ọmọ yè.

Nítorí náà, Alájì, ẹ jẹ̀bi. Owó dídà ọdún tó kọjá ṣì wà lọ́rùn yín, owó abẹ́rẹ́ ti kún un, ìdá ọmọ tí ẹ bá darandaran ṣàdéhùn náà kò tíì kúrò nínú agbo yín. Nọ́ńbà MoMo rẹ̀ wà lórí fóònù yín, òun náà lẹ fi ń béèrè fọ́tò. Ọjọ́ ọjà Ikpinlè ń bọ̀, obìnrin náà sì nílò iyọ̀. Ẹ fi owó náà ránṣẹ́ lónìí.