Ayò Bàbá Àgbà Kì Í Béèrè Páásíwọ́ọ̀dù

Aago méjì òru Sátidé ni wọ́n mú iná dé ládùúgbò wa. Àwọn èèyàn gidi dìde lọ fa omi, àwọn mìíràn dìde lọ lọ aṣọ. Èmi, ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, bàbá ọlọ́mọ méjì, mo dìde lọ bá kọ̀ǹpútà mi. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kò ju kí n fi wákàtí kan pa ọ̀tá, kí n padà lọ sùn. Géèmù ní ó tì o. Ó ní àpúdéètì kan wà tí òun gbọ́dọ̀ gbà ná, gìgábáìtì 48. Kí ló wà nínú ẹrù tó tóbi tó báyìí? Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: wọ́n ti tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, wọ́n sì ti fi fìlà tuntun méjì kún fìlà àtijọ́. Mo fọwọ́ lẹ́rán, mò ń wo ìlà aláwọ̀ ewé tó ń wọ́ lọ bí ìgbín tó ń gun Olúmọ. Nígbà tí yóò fi di aago márùn-ún ìdájí, ó ti gba 46. Ni wọ́n bá mú iná lọ.

Inú òkùnkùn yẹn ni mo ti rántí ọpọ́n ayò bàbá àgbà ní Ìṣẹ́yìn. Igi lásán ni. Ihò méjìlá ló ní, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ tí agbẹ́gi ti gbé e kalẹ̀, kò gba àpúdéètì rí, kò sì béèrè páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ayò kan sọnù nígbà kan. Àbúrò bàbá mi bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó ṣa òmíràn wá, àtúnṣe parí. Bàbá àgbà kú, ọpọ́n kò bá a kú. Bàbá mi jogún rẹ̀, àwa ọmọ fi kọ́ ìṣirò. Ohun tí a mọ̀ sí ríra nìyẹn: owó kúrò lọ́wọ́ mi, nǹkan bọ́ sọ́wọ́ mi, ó di tèmi.

Àwọn tó ń ṣe géèmù ti fún ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ mìíràn. Ẹ wo The Crew, géèmù ìfọkọ̀sáré tí Ubisoft gbé jáde lọ́dún 2014. Odindi Amẹ́ríkà ni wọ́n ká sínú rẹ̀, kí èèyàn lè máa wakọ̀ láti New York dé Los Angeles láìgba físà. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n pa sáfà rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ bá ará yòókù díje nìkan ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Ẹni tó fẹ́ máa dá wakọ̀ rẹ̀ kiri jẹ́jẹ́ náà kò ríbi wọlé mọ́. Lóòótọ́, wọ́n fúnni ní ìwé kúítì: oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n ti kéde. Oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀. Láńdílọ́ọ̀dù Èkó tó ń gbowó ọdọọdún, òfin ní oṣù mẹ́fà ni kó fún ayálégbé rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣépè fún láńdílọ́ọ̀dù Èkó, ẹ lọ tọrọ àforíjì.

Ìjọba California gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún 2024 wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ là á yé oníbàárà pé láísẹ́ǹsì ló ń rà, pé géèmù náà kọ́ ló di tirẹ̀. Steam, tó jẹ́ ọjà ńlá àwa onígéèmù orí kọ̀ǹpútà, lẹ ìkìlọ̀ náà mọ́ ibi tí a ti ń sanwó. Mo kà á láti òkè délẹ̀, mo mi orí, mo sanwó. Dọ́là sì ni, nítorí Steam kò mọ ohun tó ń jẹ́ náírà: géèmù 60 dọ́là tó jẹ́ bí ẹgbẹ̀rún 28 náírà kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ti di bí ẹgbẹ̀rún 90 kí ọdún tó yípo. Ẹni tó ń ta ayò àti ẹni tó ń ta ata, ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń lò fún wọn, ìyàtọ̀ kì í hàn títí owó yóò fi tán. Mo rò pé èmi ni mò ń ta géèmù. Àṣé àwọn ni wọ́n ń tà á.

Ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe fídíò sórí YouTube, Ross Scott, bínú sí ọ̀rọ̀ The Crew yìí débi pé ó dá ìpolongo Stop Killing Games sílẹ̀, pé kí wọ́n yé pa géèmù tí èèyàn ti sanwó rẹ̀. Lọ́dún 2025, ìbuwọ́lùwé tó wọlé sábẹ́ ẹ̀bẹ̀ wọn sí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ju mílíọ̀nù kan lọ. Mílíọ̀nù kan, láìpín ìrẹsì! Ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà nìkan ló lè buwọ́ lù ú, nítorí náà àdúrà ni mo fi ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní tiwa níbí, àwọn kan kò tiẹ̀ mọ̀ pé a wà láyé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Sony ní kí gbogbo ẹni tó ń ta Helldivers 2 lórí kọ̀ǹpútà lọ ṣí àkáǹtì PlayStation Network. Kò burú. Àmọ́ ẹ wá Nàìjíríà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí àkáǹtì náà mọ̀, ẹ ó wá a tì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́kùnrin kan ní Mọ́kọ́lá, tí kò ní páásípọ́ọ̀tù, fi ti ń jẹ́ ará Texas láti ọjọ́ tó ti ra PlayStation rẹ̀. Wọ́n yọ géèmù náà kúrò lórí àtẹ Steam ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 170. Ni àwọn onígéèmù bá dìde: èsì burúkú tó lé ní 200,000, tòun ti àtàǹpàkò tó dojú délẹ̀, ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan kò sì pé tí Sony fi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Mo rò ó títí. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, a fẹ̀hónú hàn, a gbààwẹ̀, a kọrin. Kò sẹ́ni tó rántí dojú àtàǹpàkò délẹ̀.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún wa o. Lọ́dún 2009, àwọn onígéèmù kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Steam pé àwọn kò ní ra Modern Warfare 2, torí pé àwọn tó ṣe é kò jẹ́ kí oníkọ̀ǹpútà ní sáfà tirẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí géèmù jáde, ẹnìkan ya àwòrán ojú-ewé ẹgbẹ́ náà. Orúkọ lé orúkọ, Modern Warfare 2 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ta lọ́wọ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2006, Bethesda fi dọ́là méjì àti ààbọ̀ ta ẹ̀wù ogun fún ẹṣin inú géèmù wọn, Oblivion, ẹṣin tí kì í jẹ koríko. A fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹnu fi bó, a sì rà á. Èmi tí mò ń rojọ́ yìí, ọmọ ogun mi inú géèmù ní fìlà mọ́kàndínlógún. Èmi alára ní méjì, aṣọ ẹbí sì ni ọ̀kan.

Èébú inú géèmù ńkọ́? Nídìí ayò, ọ̀ta ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, òpè ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, òǹwòran sì láṣẹ láti bú òpè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bú ọ mọ ìyá rẹ, ó lè jẹ ọ́ lówó ẹ̀kọ pàápàá, nítorí náà ó mọ ibi tó yẹ kí èébú dúró. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọdé kan tí ohùn rẹ̀ kò tíì là ló bú ìyá mi, ìyá ìjọ, ní èdè tí mi ò gbọ́. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi? Mo pẹ́ yìnbọn. Ọ̀gá, ìbọn mi ní láti gba okùn abẹ́ òkun dé Yúróòpù kó tó ró. Wọ́n á ti sin mí tán kí ìròyìn ikú mi tó kàn mí lára.

Ìyá ìjọ fúnra rẹ̀ ló jí fún àdúrà ìdájí ọjọ́ àpúdéètì yẹn, tó bá mi níwájú kọ̀ǹpútà tó dúdú.

“Àkànní, o ò tíì sùn?”

“Ẹ kú ìdájí, Mà. Mò ń ta géèmù ni.”

“Mélòó lo jẹ?”

“46 nínú 48, Mà.”

Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní bàbá àgbà pàápàá kò jẹ tó bẹ́ẹ̀ rí, pé ọ̀ta gidi ni mí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì nínú òkùnkùn.

“Òpè tó o bá ta á dà?”

“Ó ti mú iná lọ, Mà.”